Ta Ló Ni Nabisco? Àlàyé lórí Ilé Iṣẹ́ Bísíkíìtì Tó Ń Ti Ọwọ́ Bọ́ Sí Ọwọ́

Ẹ mú páálí bísíkíìtì Ritz kan lọ́wọ́, irú èyí tí àwọn ará ilé máa ń kó sínú báàgì bí wọ́n bá ń bọ̀ láti Amẹ́ríkà. Ní igun kan, ẹ ó rí àmì pupa kékeré onígun mẹ́ta tí wọ́n kọ Nabisco sí. Ẹ wá yí páálí náà padà, kí ẹ ka lẹ́tà wínníwínní tó wà lára rẹ̀: Mondelēz ni ẹ máa bá níbẹ̀. Bí ẹ bá bi ẹni tó ti pẹ́ lọ́hùn-ún, ó lè ní ilé iṣẹ́ oúnjẹ Kraft ló ni Nabisco. Ẹlòmíràn á ní ilé iṣẹ́ sìgá ni. Kò sí ẹni tó purọ́ nínú wọn. Ìgbà tí kálukú wọn mọ̀ ọ́n ló yàtọ̀.

Mo fẹ́ tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ níbí, torí bí èèyàn bá kàn to orúkọ àwọn tó ti ni ín tẹ̀ léra, ńṣe ló máa túbọ̀ rú olùkà lójú. Ohun tó yẹ ká dì mú ni pé nǹkan méjì ni Nabisco. Ó jẹ́ orúkọ tí wọ́n tẹ̀ sára páálí, ó sì tún jẹ́ ilé iṣẹ́ tí wọ́n ń rà, tí wọ́n ń tà. Orúkọ yẹn dúró sójú kan. Ilé iṣẹ́ náà ni kò ráyè sinmi.

Ọ̀rọ̀ bísíkíìtì fúnra rẹ̀ tiẹ̀ fẹ́ àlàyé. Lẹ́nu tiwa, bísíkíìtì ni gbogbo rẹ̀, ìbáà ṣe èyí tó dùn bí oyin tàbí èyí tó níyọ̀. Ọwọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì la ti gbà á bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà ya tiwọn sọ́tọ̀. Cookie ni èyí tó ní ṣúgà àti bọ́tà dáadáa. Àwọn Dutch tó tẹ New York dó ló fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún wọn. Cracker ni èyí tó fẹ́lẹ́, tó gbẹ, tí iyọ̀ wà lójú rẹ̀. Bí ẹ bá wá dé ilé oúnjẹ kan ní gúúsù Amẹ́ríkà tí ẹ ní kí wọ́n gbé biscuit wá, búrẹ́dì kékeré rírọ̀, gbígbóná, ni wọ́n máa gbé síwájú yín. Síbẹ̀, National Biscuit Company ni àwọn tó dá ilé iṣẹ́ yìí sílẹ̀ ní ọdún 1898 sọ ọ́, cookie àti cracker ló sì ń ṣe. Nabisco jẹ́ àgékúrú orúkọ yẹn, bí àwa náà ṣe ń gé Adébáyọ̀ sí Báyọ̀.

Gbòǹgbò rẹ̀ jìn ju 1898 lọ. Ní 1792, John Pearson ṣí ilé búrẹ́dì kan ní Newburyport, ìlú etíkun kan ní Massachusetts. Àwọn awakọ̀ òkun ló ń ṣe bísíkíìtì fún: fúláwà àti omi, tó le bí òkúta, tó sì lè lo ọ̀pọ̀ oṣù lójú omi kó má bu. (Cabin biscuit tí wọ́n ń tà níwájú ilé wa, ọ̀rọ̀ inú ọkọ̀ òkun ṣì wà nínú orúkọ rẹ̀ títí dòní.) Ní 1801, Josiah Bent náà bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Milton, kò jìnnà síbẹ̀. Ìtàn tí wọ́n ń sọ nípa rẹ̀ ni pé bísíkíìtì rẹ̀ máa ń ta pàrà-pàrà nínú ààrò, àti pé ariwo yẹn ni wọ́n fi sọ ọ́ ní cracker. Ilé búrẹ́dì Pearson àti ti Bent wà lára àwọn tó wá di Nabisco níkẹyìn.

Kí n tó lọ síwájú, ẹ jẹ́ ká wo cracker kan dáadáa, nítorí ohun tó wà nínú rẹ̀ ló fa gbogbo ìtàn yìí. Fúláwà, ọ̀rá díẹ̀, iyọ̀, ìwúkàrà àti omi ni wọ́n fi ń po ọ̀pọ̀ irú rẹ̀. Wọ́n á fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kó lè kan, bí a ṣe ń jẹ́ kí ògì kan. Wọ́n á wá da sódà sí i láti pa kíkan náà. Sódà yìí, ìbátan káún tí a fi ń se ewédú ni. Wọ́n á yí i kó fẹ́lẹ́, wọ́n á ṣẹ́ ẹ po lórí ara rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n á tún yí i. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń ní ìpele-ìpele bí a bá gé e jẹ. Àwọn ihò kéékèèké tó wà lójú rẹ̀ kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ojú ihò yẹn ni ooru omi ń gbà jáde nínú ààrò. Bí wọn ò bá dá a lu, inú rẹ̀ á wú, á sì fẹ́ bí fèrè. Nígbà tó bá fi máa jáde, omi ara rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá.

Gbígbẹ yẹn ló ń kó o sí wàhálà. Ohun tó bá gbẹ tó bẹ́ẹ̀ á máa fa omi inú afẹ́fẹ́. Ẹni tó bá ti ṣí gààrí sílẹ̀ lásìkò òjò rí mọ ohun tí mò ń wí.

Títí di òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, inú àgbá ni àwọn onísọ́ọ̀bù Amẹ́ríkà ń da cracker sí. Àgbá náà á dúró láàárín sọ́ọ̀bù, wọ́n á máa bu ú fún oníbàárà sínú àpò bébà. Ẹni tó bá dé nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí àgbá á rí èyí tó ń ró kàràkàrà lẹ́nu. Ẹni tó bá dé nígbà tó ti kù sí ìdí àgbá, rírún àti rírọ̀ ló máa bá níbẹ̀, àtèyí tí eku ti fẹnu kàn. Kò sì sí bó ṣe lè mọ ẹni tó ṣe é. Cracker nígbà yẹn dà bí ẹ̀wà inú àpò lọ́jà: a mọ ẹni tó ń tà á, a ò mọ ẹni tó gbìn ín.

Nígbà tó di àwọn ọdún 1890, àwọn ilé búrẹ́dì ti kóra jọ sí ẹgbẹ́ ńlá mẹ́ta. William Moore ló kó New York Biscuit Company jọ ní ìlà oòrùn. Agbẹjọ́rò kan ní Chicago tó ń jẹ́ Adolphus Green ló so ilé búrẹ́dì bí 40 pọ̀ di American Biscuit and Manufacturing Company. Ẹ̀kẹta ni United States Baking Company. Wọ́n gbógun ti ara wọn, wọ́n ń fọ́ owó ọjà, títí agara fi dá wọn. Ní 1898, wọ́n para pọ̀. Ilé búrẹ́dì 114 ló bọ́ sábẹ́ òrùlé kan, owó ìdókòwò tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún un sì jẹ́ dọ́là mílíọ̀nù 55. Green ló wà nídìí ọkọ̀.

Èmi gbà pé ohun tí Green ṣe lẹ́yìn náà ni ìdí tí a fi ń sọ̀rọ̀ Nabisco lónìí. Ó ní àgbá ti tó gẹ́ẹ́. Ó ní kí wọ́n ṣe cracker kan tó fẹ́lẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kí wọ́n gé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ kó lè dá yàtọ̀ lójú, kí wọ́n sì tà á nínú páálí tirẹ̀, ní sẹ́ǹtì 5. Òṣìṣẹ́ rẹ̀ kan, Frank Peters, wá bí wọ́n ṣe máa tẹ́ bébà tí wọ́n fi ìda pa sínú páálí, tí wọ́n á ṣẹ́ méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí afẹ́fẹ́ tó lómi nínú kò fi ní ráyè wọlé. In-Er-Seal ni wọ́n sọ páálí náà. Ilé iṣẹ́ ìpolówó N. W. Ayer ló wá orúkọ fún cracker fúnra rẹ̀: Uneeda. Bí ẹ bá pè é lẹ́nu Gẹ̀ẹ́sì, ó ń sọ fún yín pé ẹ nílò rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò, Green sì gún un dáadáa. Àwòrán tí wọ́n fi polówó Uneeda ni ọmọdékùnrin kékeré kan tó wọ ẹ̀wù òjò aláwọ̀ ìyeyè, fìlà òjò lórí, bàtà òjò lẹ́sẹ̀, tó gbá páálí Uneeda mọ́ra. Wọn ò ní láti sọ ohunkóhun mọ́. Òjò ń rọ̀, ọmọ gbẹ, bísíkíìtì gbẹ. Ẹni tí kò mọ̀wé kà pàápàá lóye ohun tí wọ́n ń tà fún un. Àwòrán náà kún ara ògiri, ara ọkọ̀ àti inú ìwé ìròyìn káàkiri Amẹ́ríkà.

Àwọn afarawé dé kíá. Ẹnì kan gbé cracker tirẹ̀ jáde, ó pè é ní Iwanta, tó túmọ̀ sí pé mo fẹ́ ọ̀kan. Nabisco gbé e lọ sí ilé ẹjọ́ ní New York ní 1899, ilé ẹjọ́ sì ní kó jáwọ́. Ohun tí àgbá kò lè ní láé ni wọ́n ń jà lé lórí, ìyẹn orúkọ. Green tún wá àmì kan láti fi lé orúkọ náà lórí. Inú àkójọ àmì àwọn òǹtẹ̀wé àtijọ́ ní Italy ló ti rí i: ọlọ́bìrípo gígùn kan tí àgbélébùú onígi méjì dúró lórí rẹ̀. Kò tíì kú. Bí Oreo bá wà nítòsí yín, ẹ gbé e sún mọ́ ojú. Ọlọ́bìrípo tó yí orúkọ ká, tí igi méjì dábùú orí rẹ̀, òun náà nìyẹn.

Oreo yìí gan-an ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé òun ni baba gbogbo bísíkíìtì dúdú tó fi ìpara funfun sáàárín, wọ́n sì máa ń sọ pé Hydrox ló fara wé e. Òdìkejì rẹ̀ ló rí. Ní 1908 ni ilé iṣẹ́ Loose-Wiles, tó wá ń jẹ́ Sunshine, ti gbé Hydrox jáde. Oreo kò dé títí di March 1912, láti ilé iṣẹ́ ńlá Nabisco ní Chelsea, New York, onísọ́ọ̀bù kan ní Hoboken ní òdìkejì odò sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ rà á. Ọdún mẹ́rin ni Hydrox fi ju Oreo lọ. Àmọ́ ẹni tó lówó ìpolówó, tó ní sọ́ọ̀bù tó pọ̀ tó ń bá a tajà, ló gba ipò ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n. Ó ká mi lára díẹ̀, torí ẹni tó bá ń jẹ Hydrox lónìí, wọ́n á ní ayédèrú ló ń jẹ.

Oreo nìkan kọ́ ni Nabisco ní. Barnum's Animals, bísíkíìtì ẹranko inú páálí olókùn, ti dé láti 1902. Ritz dé ní 1934, nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà dojú dé, ó sì fún ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ ní nǹkan tó ní bọ́tà lẹ́nu, tó sì lórúkọ òtẹ́ẹ̀lì olówó. Fig Newton ti wà ṣáájú kí wọ́n tó para pọ̀, láti 1891. Ìlú Newton ní Massachusetts ni wọ́n fi sọ ọ́. Ní 1928, wọ́n ra Christie, Brown ní Canada, ìyẹn ni bísíkíìtì kan náà fi ń jẹ́ Christie bí ẹ bá rí i ní Toronto.

Ọdún 1928 yìí náà ni wọ́n ra ilé iṣẹ́ Shredded Wheat ní Niagara Falls. Kellogg ń ṣe irú rẹ̀, ó sì ń pè é lórúkọ kan náà. Nabisco rò pé òun á na Kellogg bí òun ṣe na Iwanta. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá Kellogg láre ní 1938. Ìdí rẹ̀ ṣe pàtàkì: ìwé ẹ̀tọ́ tí ìjọba fún ẹni tó hùmọ̀ Shredded Wheat ti parí láti 1912, orúkọ náà sì ti di orúkọ oúnjẹ fúnra rẹ̀ lẹ́nu gbogbo ayé, bí ìgbà tí ẹnì kan bá ní òun nìkan ló ni orúkọ náà "mọ́ín-mọ́ín". Uneeda kò rí bẹ́ẹ̀. Kò sí oúnjẹ kan láyé tó ń jẹ́ Uneeda kí Nabisco tó dé.

Ní 1971, ilé iṣẹ́ náà sọ àgékúrú di orúkọ gan-an: Nabisco. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀, ó para pọ̀ mọ́ ilé iṣẹ́ oúnjẹ kan tó ń jẹ́ Standard Brands, ó di Nabisco Brands. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti ń díjú fún àwọn èèyàn, nítorí náà ẹ jẹ́ ká rọra rìn.

Ní 1985, R. J. Reynolds, tó ń ṣe sìgá Camel àti Winston, ra Nabisco Brands ní dọ́là bílíọ̀nù 4.9. Kí ni sìgá ń wá lọ́dọ̀ bísíkíìtì? Àwọn tó ń mu sìgá ní Amẹ́ríkà ń dín kù, ẹjọ́ lórí àìsàn tí sìgá ń fà ń pọ̀ sí i, owó sì kún ọwọ́ àwọn ilé iṣẹ́ sìgá. Wọ́n ń wá ibi tí wọ́n máa sá pa mọ́ sí, oúnjẹ sì ni ohun tí kò sẹ́ni tó máa fi òfin dí lọ́wọ́. Bí RJR Nabisco ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ìyá tó ń bọ́ ọmọ ní Ritz àti ọkùnrin tó ń fa Camel ń pawó sínú àpò kan náà.

Ọdún mẹ́ta péré ni. Ní October 1988, Ross Johnson tó jẹ́ ọ̀gá àgbà ní òun àti àwọn kan fẹ́ ra ilé iṣẹ́ náà fúnra àwọn, ní dọ́là 75 fún ìpín ìdókòwò kọ̀ọ̀kan. KKR, ilé iṣẹ́ kan ní New York tó máa ń fi owó yíyá ra ilé iṣẹ́ mìíràn, dìde, ó ní òun á san 90. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó lé owó. Nígbà tí November máa fi parí, KKR ti gbà á ní 109, gbogbo rẹ̀ sì jẹ́ bílíọ̀nù dọ́là bíi 25. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sí irú rẹ̀ tó tóbi tó o.

KKR kò ní bílíọ̀nù 25. Gbèsè ni púpọ̀ jù lọ nínú rẹ̀. Àwa tí a mọ̀ nípa ìwọ̀fà lè lóye èyí kíá. Láyé àtijọ́, bí baba kan bá yáwó, ó lè fi ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Iṣẹ́ tí ọmọ náà ń ṣe lóko olówó ló dúró fún èlé, títí dọjọ́ tí baba bá san owó náà. Ohun tí KKR ṣe fi ìka kan jù ú lọ. Ẹni tó ń yáwó kò fi ọmọ tirẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Ohun tó fẹ́ fi owó náà rà gan-an ló fi ṣe é. Ní ọjọ́ tí wọ́n ra Nabisco, gbèsè tí wọ́n fi rà á bọ́ sí Nabisco lọ́rùn, Oreo àti Ritz àti sìgá sì ní láti máa ṣiṣẹ́ san èlé àti owó fúnra rẹ̀. Ìwọ̀fà mọ ohun tí baba rẹ̀ fi owó ṣe. Àwọn tó wà nídìí ààrò ní Chicago kò jẹ nínú owó yìí.

Bí gbèsè bá ti wà lọ́rùn, èèyàn á ta ohun tó bá ní. Ní 1989, wọ́n ta ilé iṣẹ́ bísíkíìtì tí Nabisco ní ní Yúróòpù fún BSN ti ilẹ̀ Faransé, tó wá ń jẹ́ Danone, ní bílíọ̀nù 2.5. Jacob's tí àwọn èèyàn wa ní London mọ̀ dunjú wà lára wọn, àti Belin ní Faransé, Saiwa ní Italy. Ẹni tó bá ń ṣe kàyéfì pé báwo ni Jacob's ṣe dé ọwọ́ àwọn Faransé, gbèsè New York ló gbé e débẹ̀.

KKR jáde pátápátá ní 1995. Ní 1999, wọ́n ya sìgá kúrò lára bísíkíìtì. Ẹ ó rò pé ó parí. Ní 2000, Philip Morris, tó ń ṣe Marlboro, tún ra Nabisco, ó sì dà á pọ̀ mọ́ Kraft tó ti ní tẹ́lẹ̀. Ìyẹn ni àwọn kan fi ń ní Kraft ló ni ín, tí àwọn kan sì ń ní ilé iṣẹ́ sìgá. Kraft wà nínú ilé, ẹni tó ń ta sìgá ló nilé. Ní 2007 ni Kraft tó gba òmìnira, ọdún yẹn náà ló sì ra bísíkíìtì Danone, tí Belin àti Saiwa fi padà sílé. Jacob's kò bá wọn padà, Danone ti tà á sí ibòmíràn.

Ní 2010, Kraft ra Cadbury ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní October 2012, ó pín ara rẹ̀ sí méjì. Wàràkàṣì àti oúnjẹ ilé ti Amẹ́ríkà lọ pẹ̀lú orúkọ Kraft. Bísíkíìtì, ṣokoléètì àti súìtì dúró sọ́dọ̀ èkejì, tó gba orúkọ tuntun: Mondelēz. Ibẹ̀ ni Nabisco wà títí dòní. Ibẹ̀ náà sì ni Cadbury Nigeria ní Ìkẹjà wà, torí Mondelēz ló ní ìpín tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bournvita tí wọ́n ń pò fún ọmọ lówùúrọ̀, TomTom tí ìyá àgbà ń lá sí ọ̀nà ọ̀fun, àti Oreo, ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n báyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyá tó bí wọn yàtọ̀.

Nítorí náà, bí wọ́n bá bi yín, ẹ lè dáhùn pé Mondelēz ló ni Nabisco. Kì í ṣe ilé iṣẹ́ tó dá dúró mọ́, orúkọ ìdílé ni fún àwọn bísíkíìtì kan. Uneeda fúnra rẹ̀ kò sí mọ́. Kraft ló dá a dúró lẹ́yìn tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún lórí igbá.

Ilé tí Oreo ti jáde ní 1912 ṣì dúró ní Ninth Avenue. Ọjà oúnjẹ tó ń jẹ́ Chelsea Market ló wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, Google ló sì ra gbogbo ilé náà ní 2018. Nabisco ti kó kúrò níbẹ̀ láti ìparí àwọn ọdún 1950, lọ sí Fair Lawn ní New Jersey, níbi tí wọ́n ti ṣí ilé iṣẹ́ ńlá kan ní 1958. Ojú títì ńlá kan gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, àwọn tó ń wa mọ́tò lọ síbi iṣẹ́ sì máa ń gbóòórùn bísíkíìtì tó ń jinná kí wọ́n tó rí ilé náà rárá. Ní 2021, Mondelēz ti Fair Lawn pa, ó ti èyí tó wà ní Atlanta náà. Ní August ọdún yẹn, àwọn òṣìṣẹ́ ní Portland, Oregon, da iṣẹ́ sílẹ̀ lórí wákàtí iṣẹ́ àti owó àfikún, àwọn ti Chicago, Colorado, Virginia àti Georgia sì dara pọ̀ mọ́ wọn. Ó lé ní oṣù kan kí wọ́n tó padà sídìí ààrò. Àwọn ti Fair Lawn kò ní ààrò tí wọ́n máa padà sí. Ẹni tó bá gba títì yẹn kọjá lónìí, òórùn mọ́tò nìkan ló máa gbọ́.